Ẹgbẹ̀rin Kọrúnà ní Kọ̀rọ̀

Ọdún mọ́kàndínlógún ni Drahomíra ti ń wé wáyà bàbà mọ́ irin wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń kó sínú ẹ̀rọ, ní ilé iṣẹ́ kan ní Znojmo, ní ilẹ̀ Czech. Ní òdìkejì ààlà, ní Austria, iṣẹ́ kan náà ń mú owó tó tó ìlọ́po méjì àbọ̀ wá. Fọ́ọ̀mù iṣẹ́ ibẹ̀ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, kò tíì fọwọ́ sí i. Ohun kan ṣoṣo ló dá a dúró. Lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn, Vrba ọ̀gá wọn pè é sí kọ̀rọ̀, ó ní òun ti fi ẹgbẹ̀rin kọrúnà, owó ilẹ̀ wọn, lé owó oṣù rẹ̀ nítorí pé ó mọṣẹ́, kó má sọ fún ẹnikẹ́ni. Kò sọ. Wọ́n máa ń sọ àìsàn wọn àti ìjà ilé wọn fún ara wọn níbi iṣẹ́, ṣùgbọ́n iye tí èèyàn ń gbà, wọn kì í sọ ọ́.

Květa tó ń jókòó tì í ló kọ́kọ́ ń lọ sí Austria. Lọ́jọ́ tó lò kẹ́yìn, níbi oúnjẹ ọ̀sán, ó ní ẹ̀rù ọ̀gá kò bà òun mọ́, òun á tú àṣírí kan.

"Ẹgbẹ̀rin kọrúnà ni Vrba ń bù lé owó mi lóṣooṣù. Ẹ má bínú sí mi o."

Drahomíra gbé ṣíbí kalẹ̀. "Ìwọ náà?"

Ẹlòmíràn bú sẹ́rìn-ín, ó ní òun náà. Kò pẹ́, obìnrin mẹ́fà ti tẹ́ ìwé owó oṣù wọn sáàárín àwo ọbẹ̀ kábéèjì. Bákan náà ni gbogbo rẹ̀. Ọdún mẹ́fà ni kálukú fi rò pé òun sàn ju èkejì lọ, tó ń káàánú rẹ̀.

Libuše tó dàgbà jù wọ́n lọ nìkan ni kò mú tirẹ̀ jáde.

"Ìyá wa, tiyín ńkọ́?" ni ọ̀kan nínú wọn bi í.

"Kò pè mí," ni Libuše wí. "Mo rò pé kò pe ẹnì kankan ni."

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu wọn. Gbogbo wọn gòkè lọ bá Vrba. Drahomíra ní kó fún Libuše ní tirẹ̀, kó sì fi kún ti gbogbo àwọn. Vrba kò bínú.

"Ṣé mo sọ fún ẹnikẹ́ni nínú yín pé òun nìkan ni mo fún?"

Drahomíra rò ó. Lóòótọ́, kò sọ bẹ́ẹ̀. Vrba ní Libuše á rí i gbà lóṣù tó ń bọ̀, àwọn yòókù kò ní rí nǹkan kan, torí bí owó bá lọ sókè níhìn-ín, àwọn tó ni ilé iṣẹ́ á kó ẹ̀rọ lọ sí Serbia, níbi tí owó òṣìṣẹ́ ti kéré.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Drahomíra fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù. Ó ṣiṣẹ́ oṣù méjì sí i, bí òfin ti ní kí ẹni tó ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ ṣe. Nígbà tó lọ tán, Libuše ló bọ́ sórí àga rẹ̀, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ fèrèsé pọ̀ níbẹ̀.