Ẹran Apá Tí Kì Í Tán

Bí ẹ bá rí ìkòkò ẹran tí wọ́n sè lọ́jọ́ Jímọ̀, tí kò tíì tán lọ́jọ́ Àlàrùbá, nínú ilé tí àgbàlagbà mẹ́rin ń gbé, ṣé ẹ óò ṣe bí ẹni tí kò rí i ni? Èmi ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè ló bí mi. Ìyá mi máa ń sọ pé nígbà tí mo wà ní kékeré, mo fi ọ̀bẹ la ìrọ̀rí òun kí n lè mọ ohun tó mú un rọ̀.

Sherifat ni orúkọ mi. Kabala Costain là ń gbé, nínú ọgbà tí a háyà: ìyá mi, àbúrò mi Najeeb, Moróunkẹ́ ìyàwó rẹ̀, àti èmi tí mo padà sílé lẹ́yìn tí ọkọ mi kú. Ìlọrin ni bàbá wa ti wá, ṣùgbọ́n Kàdúná ni wọ́n ti bí wa.

Moróunkẹ́ ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Kókó kan wà nínú ilé ọmọ rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì ń dà lára rẹ̀ lóṣooṣù ju bó ṣe yẹ lọ. Dókítà fẹ́ yọ kókó náà, ṣùgbọ́n ó ní òun ò ní fi ọ̀bẹ kàn án àfi bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá kọ́kọ́ gòkè. Oògùn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fún un ń rú u nínú, díẹ̀ ló ń dúró. Wọ́n ní kó yáa máa jẹ oúnjẹ tó ń fúnni lẹ́jẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ náà kò bá gòkè kí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ tó pé, wọn yóò fi àyè rẹ̀ fún ẹlòmíràn, a óò sì tún máa dúró. Ọdún kẹfà rèé tó ti wọlé wa, kò tíì bímọ.

Bí ìyá mi ṣe gbọ́ “oúnjẹ tó ń fúnni lẹ́jẹ̀,” kò dúró gbọ́ ìyókù. Ó lọ bá alápatà, ó ra odindi apá àgbò tí kò tíì gbó, láti ejìká dé orúnkún. Ó ní apá ni Ànábì fẹ́ràn jù, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má wulẹ̀ bá òun jiyàn. Ó fi ọ̀rá ara ẹran náà dín in títí ó fi pọ́n, ó da àlùbọ́sà, tòmátì àti kànáfùrù sí i, ó bu omi díẹ̀ lé e, ó dé e pa, ó sì gbé e ka èédú tí iná rẹ̀ kò le. Kò ṣí i títí ẹran fi ń bọ́ kúrò lára egungun fúnra rẹ̀. Èmi kì í jẹ àgbò, òórùn rẹ̀ kò bá mi lára mu. Ìran ni mo ń wò.

Nígbà tí mo tẹ̀ lé Moróunkẹ́ lọ sí ọsibítù, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò kúrò níbi tó wà. Mo bá lọ bi Patience, ẹni tó ń mójú tó oúnjẹ àwọn aláìsàn, bóyá a kàn ń fìyà jẹ àgbò lásán ni. Ó rẹ́rìn-ín. Hausa ló fi dá mi lóhùn, èmi ni mò ń sọ ọ́ ní Yorùbá fún yín.

“Àǹtí, apá àgbò dáa. Irin tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀, irú èyí tí ara tètè ń gbà ju ti ẹ̀fọ́ lọ. Pùrótéènì wà níbẹ̀. Síǹkì tó ń jẹ́ kí egbò tètè jinná wà níbẹ̀, àti fítámì kan tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀, tí ẹ kò lè rí nínú ẹ̀fọ́.”

“Ìyá wa máa ń sè é pẹ́ o. Ṣé iná kò ti pa gbogbo ẹ̀?”

“Irin kì í jóná. Èyí tó bá kúrò lára ẹran, inú omi rẹ̀ ló wà, ẹ má dà á nù. Ọ̀rá tó bá dì sókè ni kẹ́ ẹ máa bù kúrò, torí ọ̀rá apá pọ̀ ju ti itan lọ. Kó fi ọsàn tẹ̀ lé e, kó má fi tíì tẹ̀ lé e.” Ó wò mí lójú. “Àǹtí, ṣé ó ń jẹ ẹ́?”

Inú fẹ́ bí mi. Ta ni wọn yóò gbé apá àgbò síwájú rẹ̀ tí kò ní jẹ ẹ́? Ṣùgbọ́n nínú kẹ̀kẹ́ tí a gbé padà, mo rántí ìkòkò náà. Bí a ṣe délé, mo bi ìyá mi ìdí tí kò fi ń tán.

“Àlùbáríkà ló wọ inú rẹ̀,” ó ní. “Haba, Sherifat. Ṣe Alhamdulillahi, kó o pa ẹnu mọ́.”

Mo ṣe Alhamdulillahi, mo pa ẹnu mọ́, ṣùgbọ́n ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, kí wọ́n tó gbé abọ́ Moróunkẹ́ fún un, mo mú ẹyọ kànáfùrù kan, mo tì í bọ abẹ́ egungun ẹran tó tóbi jù níbẹ̀, kí n lè dá a mọ̀. Moróunkẹ́ kúnlẹ̀, ó dúpẹ́, ó gbé abọ́ wọ yàrá.

Nírọ̀lẹ́, Najeeb dé láti Kawo, níbi tó ti ń fi mọ́tò kérò. Ìyàwó rẹ̀ gbé tùwó síwájú rẹ̀. Mo ṣe bí ẹni tó ń wá ìṣáná, mo yọjú wo inú abọ́ ọbẹ̀. Kànáfùrù mi rèé. Najeeb fi omi ọbẹ̀ jẹ tùwó, ó dìde, ó gbé ẹran náà sínú abọ́ ìyá wa nínú kọ́bọ́ọ̀dù, nítorí wọ́n ti kọ́ ọ láti kékeré pé ọmọ tó gbọ́n kì í jẹ ẹran ńlá kí ìyá rẹ̀ máa wò ó.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìyá wa ṣí abọ́ rẹ̀.

“Kí ni eyín mi fẹ́ fi èyí ṣe?” ó ní. Ó dà á padà sínú ìkòkò, ó gbé ìkòkò kaná. Lọ́sàn-án, ó bu ẹran náà fún Moróunkẹ́.

Àlùbáríkà náà rèé. Ẹran kan náà ló ń rìn yí ilé ká. Ẹ̀rín kọ́kọ́ pa mí, mo ní láti sá lọ sẹ́yìnkùlé. Níbẹ̀ ni mo ti wá rántí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, inú sì bí mi gidigidi. Wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún ara wọn, ẹ̀jẹ̀ obìnrin náà kò sì gòkè.

Lẹ́yìn ìrun Alásárì lọ́jọ́ tí Najeeb kò lọ síṣẹ́, mo pè wọ́n jọ sórí ẹní. Mo gbé abọ́ ẹran náà sáàárín, mo yọ kànáfùrù kúrò lábẹ́ egungun, mo sì rò fún wọn bó ṣe rin ìrìn àjò rẹ̀.

“Wallahi, mo rò pé Ìyá ni kò rí ẹran jẹ,” Najeeb ní.

“Èmi rò pé ìyàwó rẹ ń jẹ tiẹ̀,” ìyá mi dáhùn. Gbogbo wa wá kọjú sí Moróunkẹ́.

Ilẹ̀ ló ń wò. “Màmá, ẹ má bínú. Irú ẹran yìí, ẹni tó bímọ ni wọ́n ń sè é fún. Èmi tí mi ò tíì fún ilé yìí lọ́mọ, bí mo bá fẹ́ jẹ ẹ́, ojú máa ń tì mí.”

Àánú rẹ̀ ṣe mí dé egungun.

Ìyá mi fọwọ́, ó sún mọ́ Moróunkẹ́, orúnkún kan orúnkún. Ó já ẹran kúrò lára egungun, ó gbé e lọ sí ẹnu rẹ̀. Bí àgbà bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ bọ́ ọ, kò sí bó o ṣe lè kọ̀. Moróunkẹ́ la ẹnu.

“Ta ló sọ fún ọ pé ọmọ ni mò ń se ẹran fún?” ìyá mi bi í. “Mi ò tíì rí ọmọ kankan. Ìwọ ni mo rí.”

Moróunkẹ́ ń jẹ, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Najeeb ń bó ọsàn, kò gbójú sókè. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó gba abọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó ṣófo. Ìgbà tí a padà lọ bá Patience, ẹ̀jẹ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Kò tíì dé ibi tí dókítà fẹ́, ṣùgbọ́n wọn kò fi àyè rẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Nígbà tí a délé, ìyá mi ṣí ìkòkò kó lè bu ọbẹ̀. Ṣíbí ha ìsàlẹ̀ rẹ̀ gbẹrẹrẹ, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó wo inú rẹ̀ pẹ́.

“Alhamdulillahi,” ó ní, ó sì rán mi lọ bá alápatà.