Ohun Tí Ń Ṣàn

Bí obìnrin kan bá fẹ́ mọ irú ẹni tí òun fẹ́ ní tòótọ́, kí ó jẹ́ kí ọkọ rẹ̀ so ilé mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, kí ó sì wọ́ ọ gba etíkun Transkei, ilẹ̀ àwọn Xhosa. MaDiya ti mọ̀ báyìí. Láti ìlú Gcuwa ni ó ti mọ̀, nígbà tí Mthetheleli ọkọ rẹ̀ tún bọ́ sílẹ̀ láti yẹ táyà tí nǹkan kan kò ṣe wò, tí ó sì padà wọlé bí ẹni tí ó ṣẹ́gun.

Ìlérí ni ìrìn àjò yìí. Ọjọ́ ìgbéyàwó wọn ni Mthetheleli ti sọ pé òun yóò mú un rin gbogbo etíkun náà, láti àpáta dé àpáta, àwọn méjèèjì nìkan. Ọmọ dé, owó ilé-ìwé dé, òkú àna dé, ìlérí bá gun àjà lọ. Ìgbà tí ọkùnrin náà fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ tíṣà, tí obìnrin náà sì fi iṣẹ́ agbẹ̀bí sílẹ̀, ni ó tó lọ ra kàráfáànì àlòkù kan, ilé onítáyà tí ó ní bẹ́ẹ̀dì, sítóòfù, àti táǹkì omi tí ó ń jò. Àwọn méjèèjì nìkan ni wọ́n sì wà nínú ọkọ̀ lóòótọ́, bí a kò bá ka Nokwindla mọ́ wọn.

Nokwindla ni ẹ̀gbọ́n Mthetheleli obìnrin. Ìlú Qonce ni ó jókòó sí, lórí àga nínú pálọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n òun ni ó ń wa ọkọ̀. Mthetheleli gbé fóònù sí iwájú, ó ṣí ohùn rẹ̀ sílẹ̀ kí gbogbo ayé lè gbọ́, bí ó bá sì ti dún ni yóò máa dáhùn "Bẹ́ẹ̀ ni, Sisi," bí ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́. Sisi ni wọ́n ń pe ẹ̀gbọ́n obìnrin níbẹ̀. Sisi ní kí wọ́n má sùn ní Mazeppa, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ pọ̀ jù. Sisi ní kí wọ́n má ra ẹja lójú ọ̀nà. Sisi béèrè bóyá MaDiya se adìyẹ tí wọn yóò jẹ lọ́nà kí ó rọ̀, nítorí pé èyí tí ó sè ní Kérésì le bí okùn. MaDiya wà níbẹ̀ tí ó ń gbọ́, adìyẹ náà sì wà lórí itan rẹ̀ nínú bébà. Ó yíjú sí òkun. Òkun ń fọ́ mọ́ ẹsẹ̀ àpáta nísàlẹ̀, àwọn màlúù sì sùn sórí iyanrìn bí onílé. Ó mọ̀ pé ó yẹ kí ó dùn mọ́ òun, ṣùgbọ́n inú ń bí i jù.

Ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ ti pẹ́ ju adìyẹ lọ. Mlambo ni orúkọ bàbá ọkọ rẹ̀, mlambo náà sì ni àwọn Xhosa ń pe odò. Ìyàwó ilé wọn kì í dárúkọ bàbá ọkọ, kì í sì í fẹnu kan ọ̀rọ̀ tí ó bá jọ ọ́. Hlonipha ni wọ́n ń pe àṣà náà. Ìyàwó Yorùbá tí ó ń wá "Adúmáadán" pe àbúrò ọkọ rẹ̀ yóò rò pé òun mọ ìyà yìí. Kò mọ̀ ọ́n. Ó kéré tán, àna tirẹ̀ kì í jẹ́ Odò.

Láti ọjọ́ tí MaDiya ti wọ ilé náà ni odò ti di "ohun tí ń ṣàn" lẹ́nu rẹ̀. Ní ọdún tí ó kọ́kọ́ dé, omi gbé aṣọ tí ó ń fọ̀ lọ, ó sì pariwo orúkọ odò kí ó tó mọ ohun tí ó ń ṣe. Wọ́n ní kí ó padà sí ilé bàbá rẹ̀ lọ mú ewúrẹ́ wá fi tọrọ àforíjì. Nokwindla ni ó kéde rẹ̀ láàárín agbo. Mthetheleli jókòó níbẹ̀ tí ó ń jẹ àgbàdo òun ẹ̀wà. Kò ní ẹ jọ̀ọ́, kò ní ẹ forí jì í, ọmọdé ni. Bẹ́ẹ̀ agbẹnusọ ni ìtumọ̀ orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. MaDiya kò bínú sí àṣà náà tó bí ó ti bínú sí ṣíbí tí kò dúró lọ́jọ́ yẹn. Bàbá ti kú báyìí, ọ̀pọ̀ ilé ni wọ́n sì ti pe ìyàwó wọn jókòó, tí wọ́n sọ fún un pé ó tó, kí ó máa pe orúkọ náà. Ohun kan ṣoṣo ni ó ń retí: kí ọkọ òun gbẹnu sọ fún òun lójú àwọn ènìyàn rẹ̀, lẹ́ẹ̀kan péré. Ìdí nìyẹn tí ó fi gbà láti bá a wọ ilé onítáyà.

Ní ọ̀sán ọjọ́ tí à ń wí yìí, Sisi ní Mlambomnyama ni kí wọ́n lọ sùn, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ibẹ̀ mọ́. Odò Dúdú ni ìtumọ̀ orúkọ náà. Kò pẹ́ tí wọ́n wọ àfonífojì, nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì lọ. MaDiya tẹ́ máàpù sórí adìyẹ.

"Ibo la ó ti yà?" ni Mthetheleli béèrè.

"Níbi tí pátákó bá ti kọ Dúdú."

"Dúdú kí ni?"

"Dúdú ti bàbá yín, Bhele." Bhele ni oríkì ìdílé ọkùnrin náà, òun sì ni ìyàwó rẹ̀ fi ń pè é.

"Bàbá mi ò dúdú."

"Mi ò ní ó dúdú. Mo ní yà."

Wọ́n ti kọjá pátákó náà. Mthetheleli fi ọwọ́ gbá ìdarí ọkọ̀. "MaDiya, àwa méjì péré ló wà nínú ọkọ̀ yìí. Pe orúkọ ibẹ̀ kó tán. Ta ni yóò gbọ́?"

"Bí Sisi bá pè, ṣé wàá sọ bẹ́ẹ̀ fún un? Pé ìwọ lo ní kí n máa pè é?"

Mthetheleli tẹ́tí sílẹ̀ díẹ̀, ó ní ó jọ pé búrékì ń dún.

Ọ̀nà náà há, kò sí ibi tí wọ́n ti lè yí padà. MaDiya bọ́ sílẹ̀ lọ dúró lẹ́yìn, ó ń juwọ́ sí i kí ó fi ẹ̀yìn rìn. Ó ní ọ̀tún, ọkọ rẹ̀ gba òsì, ọkùnrin náà ní ọ̀tún ẹni tí ó wà lẹ́yìn kọ́ ni ọ̀tún ẹni tí ó wà níwájú. Ìdí ilé onítáyà gun òkìtì ọ̀gán. Mthetheleli bá ní kí ó wọ ọkọ̀, pé àwọn yóò lọ yí padà lórí iyanrìn nísàlẹ̀. MaDiya ní ọ̀nà màlúù nìyẹn. Ọkọ rẹ̀ ní jọ́gíráfì ni òun fi gbogbo ayé òun kọ́ àwọn ọmọ. MaDiya ní kò sí èyí tí ó wọ́ ilé lẹ́yìn nínú àwọn ọmọ náà.

Ọ̀nà màlúù náà sọ̀ kalẹ̀ láàárín àpáta méjì, ó sì ṣí sí etí òkun. Odò kan wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò jọ odò. Ó tẹ́ pẹrẹsẹ lórí iyanrìn, ó ń dán, oòrùn sì wà lójú Mthetheleli. Láti ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀ MaDiya rí bí omi ti ń sáré láàárín, tí òkun sì ń tì í padà wọlé.

"Bhele, ó ń ṣàn!" ni ó ké. "Ohun tí ń ṣàn!"

Ìyàwó ilé èyíkéyìí lágbègbè yẹn ìbá ti tẹ búrékì. Táǹkì ni Mthetheleli rò. Òun fúnra rẹ̀ ni ó fi rọ́bà dì í ní Gcuwa, ó sì ti fi yangàn láti ìgbà náà.

"Mo ti dì í," ni ó wí, ó gbójú sókè wo inú dígí kí ó lè rí ẹ̀yìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì kúrò lórí iná. Báyìí ni ó ṣe wakọ̀ wọ odò.

Ẹ́ńjìnnì wúkọ́, ó sì kú. Táyà iwájú rì, ilé onítáyà jókòó sẹ́yìn bí adìyẹ tí ó sàba. Omi gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé.

"Kí ló dé tó ò sọ?" ni Mthetheleli béèrè.

"Mo sọ."

"O ò sọ ọ́ kó yé èèyàn."

MaDiya ká etí aṣọ rẹ̀ sókè kúrò nínú omi. Ó ti sú u dé egungun. Ìgbà náà ni fóònù dún, nítorí pé gbangba ni etí òkun, nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì ti padà.

Nokwindla béèrè bóyá wọ́n ti dé Mlambomnyama. Mthetheleli ní ó kù díẹ̀, kò séwu. Nokwindla béèrè ohun tí ó ń hó. Ó ní afẹ́fẹ́ ni. Adìyẹ ti ń léfòó lẹ́sẹ̀ wọn nígbà náà.

"MaDiya," ni Nokwindla wí, "níbo gan-an lẹ wà?"

Mthetheleli ń mi orí sí i pé kí ó má sọ. Ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ ti wà lórí ahọ́n MaDiya. Bí ó bá sọ ọ́ jáde, gbogbo wọn yóò sùn ní àlàáfíà.

"Inú Mlambo la wà, Sisi," ni ó wí. "Mlambo gan-an. Ó ti fẹ́ dé orúnkún àbúrò yín."

Ohùn Nokwindla lọ sílẹ̀. "Mthetheleli, ṣé o gbọ́ orúkọ tí ìyàwó rẹ pè?"

MaDiya kò wo omi mọ́. Ọkọ rẹ̀ ni ó ń wò. Ó rí i tí ó ya ẹnu, tí ó pa á dé, tí ojú rẹ̀ ń wá ibi tí yóò sá sí, ó sì mọ ojú yẹn dáadáa. Ó ti pinnu. Bí ọkùnrin yìí bá dákẹ́ báyìí, òun yóò bọ́ sílẹ̀, òun yóò gun òkè yẹn padà, òun yóò sì wọ bọ́ọ̀sì lọ sílé ọmọ òun. Òun kò ní padà sílé rẹ̀ mọ́.

"Mo gbọ́, Sisi," ni Mthetheleli wí. "Mlambo ló pè é, bẹ́ẹ̀ ló ń jẹ́. Ká ní mo ti ní kó máa pè é ni, à bá má wà nínú ẹ̀. Yóò máa pè é láti òní lọ. Lójú yín náà, yóò máa pè é."

Nokwindla bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ sàréè bàbá wọn. Mthetheleli ní òkun ń kún, ó sì pa fóònù. Kò pa fóònù mọ́ ọn lẹ́nu rí láyé rẹ̀.

MaDiya ti rò pé lọ́jọ́ tí òun bá gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, òun yóò sunkún ayọ̀. Inú rẹ̀ dùn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìbínú tẹ̀lé e kíákíá, nítorí pé ó ń wo ọkọ rẹ̀ nígbà tí ó ń sọ ọ́, ó sì rí i pé kò gbà ju èémí kan lọ. Eegun kan kò ṣẹ́. Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, bí ọ̀rọ̀ náà ti kéré tó nìyẹn.

Mthetheleli yíjú sí i, ó ń retí kí ó dúpẹ́. "Ṣé ó tó báyìí?"

"Ó tó," ni MaDiya wí. "Ó pẹ́ ni. Bọ́ sílẹ̀ kó o wá tì í, kí Mlambo tó gbé wa lọ."