Ẹ̀rín Ẹnu Géètì

Nígbà tí ọlọ́dẹ inú fíìmù náà gbé ọwọ́ lé ikùn obìnrin tó ń rọbí lẹ́nu géètì, tó gbójú sókè tó ní, "A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ," gbogbo ilé sinimá bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ọ̀hún kì í ṣe kékeré. Ọkùnrin tó jókòó níwájú Bàbá da gúgúrú ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn òǹwòran ti mọ ohun tí ọlọ́dẹ ò mọ̀. Kì í ṣe oyún ló wà lábẹ́ aṣọ obìnrin náà, ìrọ̀rí ni. Olè ni. Wúrà ló wá kó, inú ìrọ̀rí yẹn ló sì máa kó o sí jáde.

"Sùẹ̀gbẹ̀ paraku!" Ẹnì kan ló pariwo bẹ́ẹ̀ látẹ̀yìn. Ẹ̀rín tún sọ.

Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Èwo ni yóò rín níbẹ̀? Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ni wọ́n fi sí ọlọ́dẹ yẹn lẹ́nu, ẹyọ kan ò yẹ̀. Òun ni ọlọ́dẹ náà.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òun ló sì kọ ìtàn fíìmù ọ̀hún. Oyún wà nínú tirẹ̀, ojúlówó, oyún àkọ́kọ́, ó ti ga débi pé kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí ibi jókòó sí dáadáa lórí àga yẹn. Ó fi ìgúnpá gún Bàbá.

"Bàbá, ṣé ẹ gbọ́ wọn? Nítorí yín ni o! Kò sẹ́ni tí wọ́n fẹ́ràn tó yín nínú fíìmù yìí."

"Mo gbọ́, Màmá mi." Bó ṣe máa ń pè é láti kékeré nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́. Ọmọbìnrin yìí ṣì wà nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà tí Bàbá ń ṣọ́ géètì ilé-iṣẹ́ àwọn tó ń ta wúrà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, aboyún kan wá fara ti irin géètì, ó ń kérora, ó ní kí wọ́n ṣàánú òun, kí òun ríbi jókòó. Wọ́n ti kìlọ̀ fún Bàbá pé ẹni tí kò bá ní ìwé àṣẹ ò gbọdọ̀ wọlé, ìbáà jẹ́ ẹ̀gbọ́n ọ̀gá. Ó ṣí i. Ó súre fún un, ó sáré lọ bu omi wá. Kó tó fi máa dé, aboyún ti di àwátì, wúrà sì ti bá a lọ. Àwọn ọlọ́pàá ní Bàbá mọ̀ sí i. Wọ́n tì í mọ́lé títí, kí ilé-ẹjọ́ tó wá sọ pé kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ìgbà yẹn, iṣẹ́ ti lọ, orúkọ ti bàjẹ́, àwọn ará àdúgbò ti ń gba ẹ̀gbẹ́ kejì ọ̀nà kọjá tí wọ́n bá rí i.

Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ ọ́ di ẹ̀fẹ̀, ká má purọ́. Ọmọ náà ń sunkún torí ìdánwò tó fìdí rẹmi nínú rẹ̀, kò jẹun, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Bàbá bá mú ìrọ̀rí, ó kì í bọ abẹ́ ẹ̀wù, ó ń kérora kiri inú yàrá, ó tún ń sáré bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì láti ṣe ọlọ́dẹ. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí ó fi yí sílẹ̀. Àṣé ó ń kó o pamọ́ sínú ni. Kò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ rí kó tó lọ kọ ọ́. Ó kàn wálé lọ́jọ́ kan ni, ó ní, "Bàbá, wọ́n ti gba ìtàn yín o!"

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí Bàbá ò sọ fún un láyé. Lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, òun àti ìyàwó rẹ̀ dé ẹnu géètì ọsìbítù nínú oòrùn. Ọlọ́dẹ tó wà níbẹ̀ ní ọ̀nà tiwọn kọ́ nìyí, kí wọ́n yí lọ sí géètì ẹ̀yìn, àṣẹ ni. Bàbá bẹ̀ ẹ́. Ó kúnlẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ sínú eruku. Ọkùnrin náà ò kàn ṣí i ni. Wọ́n ń yí ògiri yẹn po ni ẹsẹ̀ obìnrin náà yẹ̀, ìdí ògiri níbẹ̀ ló sì bímọ sí. Wọ́n gbóhùn ọmọ. Wọn ò gbóhùn ìyá mọ́.

Ohun tí ọmọ mọ̀ ni pé àìsàn ló pa ìyá òun. Ta ló máa sọ irú èyí fún ọmọ? Bàbá gbé e mì. Ṣùgbọ́n ó bá orí ara rẹ̀ ṣèlérí pé géètì tó bá wà lọ́wọ́ òun, aboyún ò ní dúró síta níbẹ̀ láéláé. Ìlérí yẹn ni olè wá bá níbẹ̀, òun náà ni gbogbo gbọ̀ngàn ń fi rẹ́rìn-ín yìí.

Bàbá wo ọmọ rẹ̀ nínú òkùnkùn, eyín rẹ̀ ń tàn bíi ti ẹni tí wọ́n fi joyè. Ó sọ nínú ara rẹ̀ pé, "Lónìí ni mo máa sọ fún un. Tí a bá ti jáde báyìí. Kó mọ ohun tó ń bù fún wọn jẹ pẹ̀lú gúgúrú."

Fíìmù parí, àtẹ́wọ́ sọ, wọ́n tan iná. Fíìmù náà ò tíì jáde síta o. Wọ́n kó àwọn èèyàn wọ̀nyí jọ kí wọ́n wò ó, kí wọ́n sọ tẹnu wọn, kí àwọn tó ṣe é lè mọ ibi tó kù sí. Ní gbọ̀ngàn ìta, ọmọbìnrin kan ti dúró pẹ̀lú máìkì, ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ gbé kámẹ́rà. Ẹni tó fowó ṣe fíìmù náà fara ti ògiri lẹ́yìn wọn. Ọ̀gá Jígí ni gbogbo wọn ń pè é, torí kò sẹ́ni tó rójú rẹ̀ rí láìsí jígí dúdú.

"Ta lẹ fẹ́ràn jù?" Ọmọbìnrin onímáìkì na máìkì sí obìnrin olóńjẹ kan tó sanra dáadáa.

"Ọlọ́dẹ yẹn ni, yéè! Ìhà ń dùn mí. Ìgbà tó ń súre fún ìrọ̀rí, díẹ̀ ló kù kí n tọ̀ sára."

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní tòun, olè obìnrin yẹn ni. "Ó gbọ́n ju gbogbo wọn lọ. Mímú tí wọ́n mú un nígbẹ̀yìn yẹn, ó ba nǹkan jẹ́. Ẹni tó bá rí ọlọ́dẹ tó gọ̀ báyẹn tí kò jà á lólè, òun gan-an ló ṣẹ̀."

Ni gbogbo wọn bá tún rẹ́rìn-ín. Bàbá dúró sẹ́yìn wọn, ó di fìlà rẹ̀ mú bí ẹni pé ẹnì kan fẹ́ gbà á.

Ó kan tíṣà àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì. Ó fa ẹ̀wù rẹ̀ wálẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. "Ó dùn. Ṣùgbọ́n ó kù síbì kan. Kò sí ènìyàn tó gọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láyé. Wọ́n ti kìlọ̀ fún un, ibẹ̀ ló ti ń jẹun. Kí ló dé tó fi ṣí i? Ẹ ò sọ ìdí fún wa."

"Ẹ gbọ́ ọ!" Ọ̀gá Jígí gbéra kúrò lára ògiri. Ó pe ọmọ Bàbá. "Kì í ṣe òun nìkan ló sọ bẹ́ẹ̀ lónìí, òótọ́ sì ni. Kò le rárá. Ṣe ni ká jẹ́ kí ọlọ́dẹ yẹn wà lára àwọn olè. Níparí, kó ṣí fìlà, kí wúrà tiẹ̀ máa tàn lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n á kú sẹ́rìn-ín."

"Ọ̀gá, kì í ṣe bó ṣe rí nìyẹn. Kò bá wọn jalè."

"Ta ni kò bá wọn jalè? Èèyàn wo? Ìtàn la ń sọ, àbí ẹjọ́ la ń rò? Tó ò bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, wá ìdí mìíràn fún mi."

Ọmọ náà yíjú. Ó fi ọwọ́ kan di ẹ̀yìn mú, ó fi ìkejì ti abẹ́ ikùn. "Bàbá, ẹ gbà mí o. Kí ló dé gan-an tí ẹ fi ṣí i? Ẹ ò sọ ìyẹn fún mi rí."

Àsìkò nìyí. Ohun tí Bàbá ń wá lọ sí Sókótó, ó bá a lápò ṣòkòtò. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọmọ náà ṣe dúró yẹn, ọwọ́ lẹ́yìn, ọwọ́ lábẹ́ ikùn, bí ìyá rẹ̀ ṣe dúró nínú oòrùn nìyẹn gẹ́lẹ́. Ẹ̀rù ba Bàbá. Tó bá sọ ọ́, ọmọ yìí á gbé e wọ yàrá ìgbẹ̀bí. Ibẹ̀ ló ti máa rántí ìdí ògiri yẹn. Jígí dúdú náà sì ń wò wọ́n, ó ń retí, òun náà ò ní ṣaláìríbi fi ẹ̀rín sí nínú rẹ̀. Tí Bàbá ò bá sì sọ nǹkan kan, wọ́n á sọ ọ́ dolè lẹ́ẹ̀kejì.

"Mo gọ̀ ni," Bàbá wí.

"Bàbá, ẹ má ṣeré."

"Ṣé eré ni mò ń ṣe? Mo ní mo gọ̀ ni. Èwo ni ìdí? Ṣé èèyàn ń wá ìdí kó tó gọ̀ ni?"

Ọmọbìnrin onímáìkì ti gbọ́. Ojú rẹ̀ là. "Àbí Bàbá, ẹ̀yin gan-an ni ọlọ́dẹ yẹn?" Kámẹ́rà ti yí sí i. Bàbá na ọwọ́, ó gba máìkì.

"Èmi ni. Tíṣà ní kò sẹ́ni tó gọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láyé. Ó wà o. Òun lẹ̀ ń wò yìí. Ṣùgbọ́n mi ò bá olè pín nǹkan kan. Ilé-ẹjọ́ sọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀rí ọkàn mi sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ má fi wúrà sábẹ́ fìlà mi. Mo rí aboyún, orí mi dàrú, mo ṣí géètì. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Ariwo sọ. Obìnrin olóńjẹ dì mọ́ ọn, ó ní Bàbá dùn ju èyí tó wà nínú fíìmù lọ. Àwọn ọ̀dọ́ ń ya fọ́tò. Ọ̀gá Jígí ń pàtẹ́wọ́, ó ní ẹ gbàgbé wúrà abẹ́ fìlà, ọ̀rọ̀ Bàbá yìí gan-an làwọn máa fi parí fíìmù, bó ṣe sọ ọ́ yẹn, pẹ̀lú ojú rẹ̀. Tíṣà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó súnmọ́ Bàbá.

"Ẹ dákun, ẹ̀gbọ́n. Aboyún ló mú kí orí yín dàrú? Kí ló dé?"

Bàbá ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ó dá máìkì padà, ó wá ọ̀nà jáde.

Nínú mọ́tò, ọmọ rẹ̀ ò tíì ṣiná ọkọ̀. Ó rẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ń dùn. "Ẹ gbà mí lónìí, Bàbá. Ṣé kò dùn yín ṣá? Bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín yẹn."

"Ó dùn mí. Kí ni mo fẹ́ máa purọ́ fún ọ sí? Ó dùn mí gan-an."

Ojú ọmọ náà wálẹ̀. "Ẹ má bínú. Mo rò pé ẹ̀yin náà máa ń rẹ́rìn-ín sí i ni."

"Mo máa ń rẹ́rìn-ín sí i. Jẹ́ ká máa lọ. Ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ gbé e jáde, má wulẹ̀ wá mi. Mi ò ní wá."

Lójijì ọmọbìnrin náà pariwo, "Ó tún ti ń tàpá!" Ó gbá ọwọ́ Bàbá mú, ó gbé e lé ikùn ara rẹ̀. "Ẹ gbọ́? Ẹ gbọ́ ọmọ oníjà?"

Bàbá gbọ́ ọ. Ọmọ inú náà ta ọwọ́ rẹ̀ nípàá lábẹ́ aṣọ, ó tún ta á. Ẹnu Bàbá ló ṣí fúnra rẹ̀.

"A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ."

Ẹ̀rín pa ọmọbìnrin náà. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi gbórí lé ọwọ́ ìtọ́kọ̀. "Bàbá! Ẹ ti tún bẹ̀rẹ̀! Ẹ máa pa mí o!" Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún, ó tún ń rẹ́rìn-ín.

Bàbá ò gbọ́wọ́ kúrò níbẹ̀.

"Màmá mi," ó wí, "ṣe àmín."