Àyè Tó Wà Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àwẹ̀ró

Mobọ́lá wá láti Àbújá kí bàbá rẹ̀, Ògúntóyìn, ní Ayédé lọ́dún 2003. Wọ́n jókòó níwájú ilé, wọ́n ń jẹ ẹ̀pà, ni bàbá náà bá dédé ní, "Mú mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ìyá rẹ lọ́la. Mo fẹ́ fojú mi rí inú rẹ̀."

Ẹ̀pà dúró sí Mobọ́lá lẹ́nu. Ògún ni wọ́n ń bọ nílé bàbá rẹ̀ láti ìrandíran, kò sì wọ ṣọ́ọ̀ṣì rí. Lọ́jọọjọ́ Ìsinmi, bí Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ bá ti wé gèlè tán, á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á ní, "Ṣé ẹ óò bá mi lọ lónìí?" Ọkọ rẹ̀ á rẹ́rìn-ín, á ní, "Bá mi kí wọn." Lọ́jọ́ tí wọ́n sin Àwẹ̀ró pàápàá, abẹ́ igi máńgòrò níta ló dúró sí títí wọ́n fi gbé pósí jáde.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n wọ takisí. Ìkùukùu bo ọ̀nà Ìkọ̀lé. Àwọn igi kòkó ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan bí èèyàn tó ń ti ojú oorun bọ̀. Nígbà tó yá ni kàtídírà tí í ṣe ṣọ́ọ̀ṣì Àwẹ̀ró yọ lórí òkè, ó ga, ó funfun. Ìkùukùu ti bo ìsàlẹ̀ rẹ̀, àfi bí ẹni pé ojú ọ̀run ni wọ́n so ó rọ̀ sí.

"Kàtídírà ti Àbújá tí mo lọ wò," Mobọ́lá ní, "èrò pọ̀ níbẹ̀ bí eṣú. Wọ́n ń ya fọ́tò, wọ́n ń ti ara wọn. Mi ò tiẹ̀ rántí ohun tí mo rí."

Níbí, ewúrẹ́ kan ṣoṣo ló sùn sórí àtẹ̀gùn.

Ògúntóyìn bọ́ bàtà rẹ̀. Mobọ́lá ní wọn kì í bọ́ ọ. Bàbá ní, "Ulé onílé ni."

Inú ṣọ́ọ̀ṣì tutù bí etídò. Oòrùn gba ojú fèrèsé aláràbarà wọlé, ó da àwọ̀ pupa àti àwọ̀ aró sílẹ̀. Bàbá tẹ ẹsẹ̀ sínú àwọ̀ aró náà, ó gbé e sókè, ó wò ó. Lẹ́yìn náà ló rọra pe ìyàwó rẹ̀: "Àwẹ̀ró."

Àjà gíga lọ́hùn-ún gba orúkọ náà, ó ń pè é kiri: Àwẹ̀ró, wẹ̀ró, ró.

"Ta ló ń pe ọ̀rẹ́ mi?" Ìyá àgbà kan tó ń gbálẹ̀ nídìí pẹpẹ ló nàró. Ìyá Olúmúyìwá ni, òun àti Àwẹ̀ró ni wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ ìyá ìjọ. "Háà, Bàbá Mobọ́lá! Ẹ káàbọ̀. Ẹ mà pẹ́ kí ẹ tó dé o."

Ó mú wọn lọ sí ìdí bẹ́ǹṣì kan lẹ́bàá òpó. "Ibí ló ń jókòó sí. Ẹ̀yin lẹ ni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yìí."

"Èmi?"

"Bí ṣọ́ọ̀ṣì kún títí, tí àwọn èèyàn dúró lóòró, kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó síbẹ̀. Á gbé Bíbélì rẹ̀ lé e, á ní ọkọ òun ń bọ̀. A bá a jà títí, ó sú wa."

"Láti ìgbà tó ti kú ńkọ́?" Mobọ́lá béèrè.

"A ṣì ń fi í sílẹ̀. Ó ti mọ́ wa lára."

Ògúntóyìn jókòó sí àyè tirẹ̀, kò fara kan ti ìyàwó rẹ̀. Ó tẹjú mọ́ ìmọ́lẹ̀ tó ń rìn lórí òpó, títí oorun fi gbé e lọ. Wọn ò jí i. Agogo ọ̀sán ló jí i, omi sì ti bo ojú rẹ̀.

"Ìyá rẹ wá," ó wí fún ọmọ rẹ̀. "Kò bi mí ní ohun tó dá mi dúró. Ó kàn ní kí n sún díẹ̀ fún òun."

Kò di oníṣọ́ọ̀ṣì o. Nígbà tí ọdún Ògún dé, ó ṣe é tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n nínú takisí tó gbé wọn pa dà lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ohun tí Mobọ́lá kò gbọ́ rí ló jáde lẹ́nu bàbá rẹ̀.

"Ìlú Ùsì ni mo ti kọ́kọ́ rí ìyá rẹ," ó ní. "Òjò ń rọ̀, ó sì ń kọrin lójú òjò, kò sá."

Dẹ́rẹ́bà na ọwọ́, ó pa rédíò.