Àwọn Àmíbà Àkẹ́bàjẹ́

Bí ẹ bá ń wá ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń kẹ́ nǹkan bàjẹ́, ẹ má wulẹ̀ rìn jìnnà. Ọkùnrin tí gbogbo ará láàbù, níbi tí wọ́n ti ń ṣèwádìí àrùn, ń pè ní Bàbá Àmíbà ni kí ẹ lọ bá. Àmíbà ni ẹ̀dá tíntìntín kan tí ojú lásán kò lè rí. Inú omi ìdọ̀tí ló ti ń wọ inú ìfun ènìyàn, yóò sì máa jẹ ara ìfun náà díẹ̀díẹ̀ títí ẹni tó gbé e mì yóò fi máa yàgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀. Bí wọn kò bá tètè dá a dúró, ó lè gba ibẹ̀ wọ ẹ̀dọ̀ lọ. Ìkà gbáà ni. Ṣùgbọ́n àwọn tó wà lọ́wọ́ Bàbá Àmíbà ti jáwọ́ nínú ìwà ìkà tipẹ́, òun nìkan ni kò tíì gbọ́.

Inú ìgbẹ́ aláìsàn kan ni ó ti kó wọn nígbà tí irun orí rẹ̀ ṣì pé. Lákòókò yẹn, àwọn àmíbà náà àti oríṣiríṣi bakitéríà ni wọ́n jọ ń gbé inú túùbù, wọ́n ń lé ara wọn, wọ́n ń jẹ ara wọn, túùbù náà sì ń rùn bí ṣáláńgá. Bàbá Àmíbà ní òun kò lè gba ìwà jàgídíjàgan nínú láàbù òun. Ó fi oògùn pa gbogbo bakitéríà náà tán. Ó wá ń fún àwọn àmíbà ní oúnjẹ olómi aládùn tí wọ́n po omi ẹ̀jẹ̀ màlúù mọ́, ó tò wọ́n sínú àpótí tó móoru bí inú ènìyàn, kì í sì í jẹ́ kí oúnjẹ wọn kan kó tó pààrọ̀ rẹ̀. Kò sí ọ̀tá, kò sí ebi, kò sí òtútù. Àwọn ọmọ tó bí kò rí irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ rí. Ìyàwó rẹ̀ tilẹ̀ sọ nígbà kan pé bí òun bá tún ayé wá, inú túùbù ọkọ òun ni òun yóò gbà wá.

Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí ó ti ń ṣe làálàá, ó rí oògùn kan ṣe tó ní yóò máa ṣẹ́gun àmíbà. Ìyẹ̀fun funfun ni, kò korò, kò sì pa eku kankan lára. Bí wọ́n ṣe ń dán irú oògùn bẹ́ẹ̀ wò kò le: wọ́n á tẹ́ sẹ́ẹ̀lì ìfun sí ìsàlẹ̀ àwo gíláàsì kékeré bí ẹni tẹ́ ẹní, wọ́n á da àmíbà àti oògùn lé e. Bí oògùn bá já kulẹ̀, ihò á kún ara sẹ́ẹ̀lì bí aṣọ tí kòkòrò jẹ. Bí oògùn bá ṣiṣẹ́, sẹ́ẹ̀lì á wà ní pípé. Nínú àwo Bàbá Àmíbà, sẹ́ẹ̀lì wà ní pípé, ó ń dán.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é bí ó ti yẹ gbọ́dọ̀ ní àwo kejì tí kò sí oògùn nínú rẹ̀, kó lè fi wé ti àkọ́kọ́. Bàbá Àmíbà mọ èyí. Òun gan-an ló ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì kì í ṣe ohun tí à ń rí he, ó sì ní òun mọ àwọn ọmọ òun. Ó ṣáà ní àwòrán tí ó yà nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, níbi tí wọ́n ti jẹ sẹ́ẹ̀lì wómúwómú. Àwòrán yẹn ló gbé síwájú gbogbo ènìyàn. Ìgbà tí wọ́n jẹ́ ìpáǹle ló fi ń ṣe ẹ̀rí fún ìgbà tí wọ́n ti di ọmọ olówó.

Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́ fún un. Ilé ìwòsàn tí ìyàwó rẹ̀ ti ń ṣe dókítà gbà pé kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn aláìsàn tó bá fọwọ́ sí i ní oògùn náà ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Àfi bí ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ ṣe gbé ìyá ìyàwó rẹ̀ fúnra rẹ̀ dé wọ́ọ̀dù ilé ìwòsàn náà.

Màmá yìí ti fi gbogbo ayé rẹ̀ rán aṣọ, ẹnu rẹ̀ sì mú ju àlùmọ́gàjí rẹ̀ lọ. Wọ́n gbé oògùn àtijọ́ fún un, èyí tó ń wo àrùn náà dáadáa, ṣùgbọ́n tó máa ń jẹ́ kí ẹnu rí bí ẹnu ẹni tó lá irin. Ó fi ọwọ́ tì í sẹ́yìn.

"Ẹ gbé oníkòrò yín lọ," ó ní. "Ọkọ ọmọ mi ti ṣe èyí tó dára. Òun ni n ó mu."

Ìyàwó Bàbá Àmíbà fa ọkọ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ Màmá kí wọ́n mu tàtijọ́. Ẹ̀yin ni wọ́n máa gbọ́ tiyín. Ẹ̀dọ̀ kì í dúró de oògùn tuntun."

Ohun tó yẹ kó ṣe nìyẹn. Ṣùgbọ́n orí ọkùnrin náà ti wú. Ìyá ìyàwó mélòó ló máa ń fi ọkọ ọmọ wọn yangàn lójú gbogbo wọ́ọ̀dù? Ó ní, "Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni. Jẹ́ kí wọ́n dúró díẹ̀." Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Kò sì fi mọ síbẹ̀. Ó gba díẹ̀ nínú ìgbẹ́ Màmá lọ sí láàbù. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé kí ó ya àwòrán àwọn àmíbà inú Màmá níbi tí oògùn rẹ̀ ti ń ṣẹ́gun wọn, kí ó fi férémù sí i, kí ó gbé e kalẹ̀ lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ọkùnrin tó fẹ́ fi àmíbà wu ìyá ìyàwó rẹ̀! Nítorí pé àwòrán gbọ́dọ̀ lẹ́wà, ó wá ṣe ohun tí kò ráyè ṣe fún ìmọ̀ ìjìnlẹ̀: ó tẹ́ àwo méjì, ọ̀kan pẹ̀lú oògùn, ọ̀kan láìsí oògùn. Ó sì tún tẹ́ méjì míì fún àwọn àmíbà tirẹ̀, kí wọ́n lè bá wọn ya fọ́tò.

Ó fojú sí maikiroskóòpù. Àwọn àmíbà Màmá ti jẹ sẹ́ẹ̀lì inú àwo tí kò ní oògùn tán. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní àwo oníhò rèé. Ó wo èyí tí oògùn wà nínú rẹ̀. Wọ́n ti jẹ ìyẹn náà tán. Ó ní bóyá òun gbàgbé láti da oògùn sí i. Ó tún un ṣe, ó ń pe orúkọ ohun tó ń dà sókè ketekete bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Wọ́n tún jẹ ẹ́.

Ó wá yí ojú sí àwo tirẹ̀ tí kò sí oògùn nínú rẹ̀, ọkàn rẹ̀ sì ti ń sọ ohun tó máa rí fún un. Sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ wà ní pípé, ó ń dán. Àwọn àmíbà rẹ̀ kàn jókòó lé e lórí, wọ́n rí rogodo, wọ́n yó, bí ẹni tó wá kí ará ilé tí kò sì fẹ́ bọ́ bàtà. Oògùn kọ́ ló dá wọn dúró. Wọn kò mọ ìjà mọ́ ni. Ẹ̀dá tó ti ń rí oúnjẹ láìjà, tí bakitéríà kan kò sì yọ ọ́ lẹ́nu láti ọdún mọ́dún, kí ló fẹ́ fi agbára jíjẹ ìfun ṣe? Agbára náà ti bá tirẹ̀ lọ. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Ti Bàbá Àmíbà, inú ìgbẹ́ ìyá ìyàwó ni òtítọ́ gbà wá.

Ó rẹ́rìn-ín títí obìnrin tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ fi yọjú.

"Ọ̀gá, kí ló pa yín lẹ́rìn-ín?"

"Àwọn ọmọ mi ni. Mo ti kẹ́ wọn bàjẹ́."

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín tán, tí ẹ̀rù sì dé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwáwí kiri. Bóyá ìgbẹ́ Màmá ló ní nǹkan mìíràn nínú. Bóyá bí a bá fi kún oògùn díẹ̀. Bóyá kí wọ́n kàn bẹ̀rẹ̀ ná. Ó gbọ́ ohun tí òun fúnra rẹ̀ ń sọ, ojú sì tì í: àgbàlagbà ọkùnrin jókòó, ó ń di ẹ̀bi ru ìgbẹ́ ìyá ìyàwó rẹ̀. Ibẹ̀ ló wà tí fóònù fi dún.

"Màmá ti ń di ìhà ọ̀tún mú," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Ara wọn sì gbóná."

Ìhà ọ̀tún ni ẹ̀dọ̀ wà. Ó gbé kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, ó gbàgbé láti bọ́ aṣọ funfun láàbù.

Ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì Màmá ló dúró sí tó ti sọ ọ́, kò sì wá ọ̀rọ̀ dídùn kankan. Ó ní oògùn òun kò ṣiṣẹ́, pé àwọn àmíbà inú Màmá jẹ sẹ́ẹ̀lì tán lójú oògùn náà, àwọn ti òun ló ti di ẹran ọ̀sìn tí kò lè jẹ nǹkan kan. Ó ní òun ò dán an wò bó ṣe yẹ, ìgbéraga ló sì fà á. Ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, abọ́ oògùn àtijọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyẹn ló dùn ún jù.

Màmá gbójú sí i. "Tèmi ló wá jẹ gbogbo rẹ̀ tán?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Mo mọ̀. Ohun tó ń ta mí nínú yìí, kì í ṣe ẹran ọ̀sìn." Ó na ọwọ́. "Gbé oníkòrò náà wá."

Ó mu ún, ó fa ojú ro, ó mu omi lé e. Bàbá Àmíbà ti fẹ́ mí kanlẹ̀ nígbà tí Màmá di aṣọ rẹ̀ mú.

"Èmi nìkan kọ́ o," ó ní, ohùn rẹ̀ sì ti yí padà. "Mo ti sọ fún àwọn tó wà ní bẹ́ẹ̀dì ọ̀hún náà. Mo ní kí wọ́n má mu oníkòrò. Mo ní kí wọ́n dúró dè ọ́."

Bàbá Àmíbà gbójú sókè. Lórí àwọn bẹ́ẹ̀dì tó wà lápá ibẹ̀, àwọn obìnrin ń wo aṣọ funfun rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìrètí. Ìyàwó rẹ̀ gbé abọ́ oògùn lé e lọ́wọ́. "Ẹ lọ sọ fún wọn fúnra yín," ó ní. "Tí mo bá sọ ọ́, wọn ò ní gbà."

Ó lọ. Ní bẹ́ẹ̀dì kìíní, wọ́n bú u. Ní èkejì, wọ́n ní kó tún un sọ, ó sì tún un sọ. Èyí tó kẹ́yìn ni ìyá ọmọ kan tí ibà ń mú gbọ̀n, tí wọ́n ti fi ìrọ̀rí ti ìhà ọ̀tún rẹ̀. Obìnrin náà jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán.

"Mo rò pé ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n jù," ni obìnrin náà wí.

"Èmi náà rò bẹ́ẹ̀," ni Bàbá Àmíbà dáhùn. Ó gbé orí obìnrin náà sókè díẹ̀, ó sì di ife omi mú fún un títí ó fi gbé oògùn náà mì.