Ọmọ Tí Kò Sí Nínú Ìwé

Ọjọ́ tí ọkọ Aránṣọ pè láti òkè òkun pé ìwé òun ti pé, pé ó ti tó àkókò kí òun mú un wá sọ́dọ̀, ṣe ni obìnrin náà gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí maṣíìnì tó bú sẹ́kún. Ọdún méje kì í ṣe ọjọ́ méje. Ọmọ ọdún méjì ni ọmọbìnrin wọn nígbà tí bàbá rẹ̀ wọ bàálù. Ó ti di ọmọ ọdún mẹ́sàn-án báyìí, Eèrà sì ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí kì í jókòó síbì kan. Láti ìgbà náà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni bàbá wálé, lọ́dún tó kọjá, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló sì lò.

"Lọ́yà ní ká kó ẹ̀rí jọ," ni ọkọ wí. "Àwọn tó ń yẹ ìwé wò níbí ò gba ẹnu lásán. Fọ́tò, ìwé ìgbéyàwó, ọ̀rọ̀ tá a kọ síra wa lórí fóònù, lẹ́tà ẹni méjì tó mọ̀ wá. Gbogbo ẹ̀ ni kó o wá jáde."

"Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún mi, Bàbá Eèrà."

Ó kó aṣọ yunifọ́ọ̀mù kúrò lórí tábìlì tó fi ń gé aṣọ, ó sì tẹ́ fọ́tò kún un láti etí dé etí. Ti ọjọ́ ìgbéyàwó wà níbẹ̀: ọkọ rẹ̀ na agbòjò bò ó, òjò wá ń lu òun fúnra rẹ̀ bí ẹní lu bàrà. Ti ilé ìwòsàn náà wà níbẹ̀, ojú Eèrà hunjọ bí aṣọ tí wọn ò tíì lọ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin ló gbé ọmọ náà dání nínú fọ́tò ọ̀hún. Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni ẹ̀gbọ́n yìí. Òun ló gbẹ̀bí Eèrà, òun ló kọ́kọ́ wẹ̀ ẹ́.

Aránṣọ kó wọn lọ sọ́dọ̀ baba atẹ̀wé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kóòtù, ẹni tó ń fi òwú so awò ojú rẹ̀ mọ́ etí. Baba bá a tẹ gbogbo rẹ̀: ọdún tí wọ́n pàdé, òjò ọjọ́ ìgbéyàwó, ọjọ́ ìkúnlẹ̀. Nígbà tó kà á padà fún un tán, ó nu awò ojú.

"Ìyàwó, bí wọ́n bá ka èyí tí wọn ò jẹ́ kó o wọlé, a jẹ́ pé òkúta ló wà láyà wọn."

Wọ́n fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọkọ láti orí fóònù. Kò tó wákàtí kan tó fi pè.

"Ta lo ti fi ìwé yìí hàn?"

"Ẹ̀yin àti baba atẹ̀wé nìkan. Ṣé kò pé ni?"

"Ó pé jù." Ó wú ikọ́. "Ohunkóhun tó bá ti ju ọdún méjì lọ, yọ ọ́ kúrò."

Kò yé Aránṣọ. Ọkọ bá ń fa ọ̀rọ̀ jáde díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń fa egungun ẹja lọ́nà ọ̀fun. Nígbà tó kọ́kọ́ débẹ̀, wọ́n fún un ní ìwé kan kó kún un. Wọ́n bi í bóyá ó níyàwó, bóyá ó bímọ. Ẹnìkan ti sọ fún un pé ìwé àpọ́n máa ń yá. Ló bá kọ ọ́ pé òun ò níyàwó, òun ò bímọ. Bó bá wá gbé ìyàwó ọdún mẹ́wàá àti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án jáde lónìí, wọ́n á gba ìwé lọ́wọ́ òun náà. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tó fi mú Aránṣọ lọ sí kóòtù lọ́dún tó kọjá, tó ní òjò ti ba ìwé ìgbéyàwó àkọ́kọ́ jẹ́, kí wọ́n lọ gba òmíràn tó ní déètì tuntun. Aránṣọ rò nígbà náà pé ìfẹ́ ni.

"Ọdún méjì sẹ́yìn la pàdé, lórí fóònù. Ọdún tó kọjá la fẹ́ra. Ṣó ti yé ẹ?"

"Eèrà ńkọ́?"

"Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi la máa pè é. Fúngbà díẹ̀ ni. Tó o bá ti débí tán, a óò wá nǹkan ṣe sí i."

Ilé ẹ̀gbọ́n ọkọ ni Aránṣọ forí lé. Ó bá a níbi tó ti ń bomi rin òdòdó, lẹ́tà tirẹ̀ sì ti wà nílẹ̀, ó ti buwọ́ lù ú. Aránṣọ kà á lórí ìdúró: *Èmi ni mo bí ọmọbìnrin tó ń gbé lọ́dọ̀ ìyàwó àbúrò mi.*

"Ẹ̀gbọ́n, ọwọ́ yín ló gé ìwọ́ ọmọ yìí."

"Mo mọ̀."

"Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòótọ́ máa bá a."

"Kí òótọ́ máa rìn bọ̀. Kí bàálù ṣáà ti gbéra kó tó dé." Ẹ̀gbọ́n gbé ike omi sílẹ̀. "Ìyàwó mi, ṣé o fẹ́ lọ àbí o ò fẹ́ lọ?"

Ó fẹ́ lọ. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń ta á nìyẹn. Ó délé, ó mú sísọ́ọ̀sì tó fi ń gé aṣọ, ó gé ọmọ rẹ̀ kúrò nínú fọ́tò ọdún tó kọjá, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ló wá kọ́ Eèrà, torí ọkọ ní àwọn tó ń yẹ ìwé wò lè pe fóònù nígbàkigbà láti wádìí. Ó pè é ní eré.

"Bí àlejò bá béèrè ta ló wà nílé, kí lo máa sọ?"

"Àǹtí mi ni!"

Eèrà fi rẹ́rìn-ín fún ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tó pé ọ̀sẹ̀ kan, kò rẹ́rìn-ín mọ́; ó kàn ń dáhùn ni.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ilé ìwé pe àwọn òbí. Olùkọ́ tuntun tó gba kíláàsì wọn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú Eèrà, ó bi í ta ló bá a wá.

"Àǹtí mi ni."

"Màmá ẹ ńkọ́?"

"Màmá mi ò sí níbí."

Olùkọ́ gbójú sókè wo Aránṣọ, bí èèyàn ṣe ń wo ẹni tó gbé ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ dání. Nígbà tí ìpàdé parí, Aránṣọ fa Eèrà lọ́wọ́ jáde. Wọ́n ti rìn débi títì kó tó lè béèrè.

"Kí ló dé tó o sọ bẹ́ẹ̀?"

Ọmọ náà wolẹ̀. "Ẹ ò tíì sọ ibi tí mo ti lè pè yín ní Màmá."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló pe ọkọ. Ó ní òun ò ní buwọ́ lu ìwé kankan. Ọkọ fi igbe ta. Ó bi í pé kí ni òun ń fi ẹ̀yìn gbẹ́rù fún láti ọdún méje, nínú òtútù, láàárín àwọn tí ò mọ orúkọ òun. Aránṣọ gbọ́ ọ tán. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra, "ẹ̀yin" ló máa ń pè é.

"Ìwọ lo kọ ọ́ pé o ò bímọ," ló wí. "Mi ò ní bá ẹ kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì."

Fóònù kú. Ìpè ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ di ti oṣù, ti oṣù náà sì tán. Àwọn ẹbí ọkọ ní orí gbé ire wá fún un, ó fẹsẹ̀ ta á dànù. Kò bá wọn jà. Iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni kó kọ́ Eèrà padà, èyí sì le ju ti àkọ́kọ́ lọ: bí ẹ̀rù bá ba ọmọ náà, bí àlejò bá kanlẹ̀kùn lójijì, "Àǹtí" ló ṣì ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Lóṣù karùn-ún lẹ́yìn ìpè yẹn, ẹ̀gbọ́n ọkọ wọlé wá pẹ̀lú aṣọ ọ̀pá mẹ́rin. Wọ́n kíra. Aránṣọ na téèpù, ó wọn èjìká, ó wọn àyà, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ìgbà tó kan apá ni ẹ̀gbọ́n fa bébà kan yọ láti inú ìṣẹ́po aṣọ.

"Ọkọ ẹ ti rí ẹlòmíràn," ó wí. "Ó fẹ́ mú un lọ. Lọ́yà ní àfi kí ìwé ìkọ̀sílẹ̀ yín wà lára ẹ̀rí tiwọn. Bá a buwọ́ lù ú, jọ̀ọ́."

Aránṣọ jókòó, ó kà á láti òkè délẹ̀. Ó kù díẹ̀ kó parí ló rí i: *Kò sí ọmọ kankan láàárín àwọn méjèèjì.*

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti kọ lẹ́tà fún èyí náà?"

"Àbúrò mi ni." Kò gbójú sókè.

Aránṣọ mú bírò. Ó fa ìlà pa ọ̀rọ̀ náà, ó kọ orúkọ ọmọ rẹ̀ ní kíkún sókè rẹ̀, ó kọ ọjọ́ tí wọ́n bí i, ó kọ wákàtí. Ó wá buwọ́ lù ú.

"Wọn ò ní gba eléyìí lọ́wọ́ ẹ̀," ni ẹ̀gbọ́n wí.

"Kó tẹ òmíràn wá. Ibi kan náà ni màá fa ìlà sí."

Ẹ̀gbọ́n ká bébà náà, ó fi sínú báàgì. Ó wá béèrè, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, ìgbà wo ni aṣọ máa jáde.

"Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀," ni Aránṣọ dáhùn. "Ẹ na apá yín kí n wọ̀n ọ́n."