Ọpọlọ Ọkọ̀ Télọ̀

Ká má purọ́, télọ̀ fẹ́ràn ògbólógbòó ọkọ̀ rẹ̀ ju bí àwọn kan ṣe fẹ́ràn ọmọ wọn lọ. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà ní àrùn kan: tó bá ti gbóná, á kú sójú títì, tó bá tutù, á jí bí ẹni pé kò sóhun tó ṣẹlẹ̀. Ìyàwó télọ̀ sì ní àìsàn ọkàn, èémí rẹ̀ lè há nígbàkigbà, ilé ìwòsàn jìnnà. Àbúrò ìyàwó yìí, rewáyà tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Wáyà, kò fojú kékeré wo ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n yìí ló gbé dàgbà nígbà tí ìyá wọn kú.

Àwọn mẹkáníìkì ti pààrọ̀ pọ́ǹpù epo, wọ́n ti pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, wọ́n kàn ń fi ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ kọ́ṣẹ́ ni. Wáyà tú ìdérí tó wà níbi ẹsẹ̀ èrò iwájú, ó kan àpótí pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní bréènbọ́ọ̀sì, ọpọlọ tó ń sọ fún ẹ́ńjìnnì ìgbà tí yóò mu epo àti ìgbà tí yóò ṣáná. Ó tan ọkọ̀, ó fi ẹ̀rọ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ń gbẹ irun fẹ́ ooru sí àpótí náà. Ẹ́ńjìnnì wúkọ́, ó kú. Ó fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ títí ó fi tutù, ọkọ̀ jí.

"Bùọ̀dá, ọpọlọ rẹ̀ ló ń dákú. Ibì kan tí wọ́n fi òjé jó pọ̀ ti sán nínú ẹ̀, ooru ló ń ṣí i. Àfi ká pààrọ̀ ẹ̀."

"Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́," télọ̀ ní.

"Ẹ jẹ́ kó bẹ́ ẹ, bàbá àwọn ọmọ," ìyàwó rẹ̀ sọ láti orí àga ẹnu ọ̀nà. "Orí ọkọ̀ ni, kì í ṣe tiyín." Ó rẹ́rìn-ín títí èémí fi fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀rín sì kúrò lẹ́nu gbogbo wọn.

Wáyà yí gbogbo ibi tí wọ́n ti ń tú ọkọ̀ àlòkù ká kó tó rí èyí tó bá a mu. Ó dè é mọ́lẹ̀, ó fẹ́ ooru sí i títí ọwọ́ fi ro ó, ẹ́ńjìnnì ò kú. Ó wá fi ọ̀rá wé ti àtijọ́, ó gbé e lé télọ̀ lọ́wọ́, nítorí bí wọ́n ti ń ṣe é nìyẹn: mẹkáníìkì tí kò bá dá ògbólógbòó padà, olè ni lójú ọlọ́kọ̀. Ì bá ti fi òòlù fọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ta ní í fọ́ ohun olóhun?

Etí télọ̀ ni ìṣòro. Ẹni tó ti lo ayé rẹ̀ nídìí máṣíìnì máa ń gbọ́ bí abẹ́rẹ́ bá fẹ́ ṣẹ́. Ohùn ọkọ̀ ti yàtọ̀, ó sì dùn ún. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí atẹ́gùn tutù, ó ṣí ìdérí bó ṣe rí Wáyà tó ṣe é, ó dá ti àtijọ́ padà sípò. Ó wà á lọ ra òwú, ó wà á bọ̀. Ọkọ̀ ò kú. Ó ní àṣejù ọmọdé ni gbogbo rẹ̀, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ọ̀sán gangan ọjọ́ náà ni èémí ìyàwó rẹ̀ há. Télọ̀ pe Wáyà lórí fóònù, ó ní ṣé kóun wá takisí.

"Takisí kẹ̀? Bùọ̀dá, ọkọ̀ tí mo fọwọ́ ara mi tún ṣe? Ẹ gbé wọn, ẹ máa lọ. Ẹ ó bá mi ní ilé ìwòsàn."

Ìgbà yẹn ló yẹ kí télọ̀ sọ̀rọ̀. Ìtìjú dì í lẹ́nu, ó ní ó dáa. Ìtìjú wo ló tó ẹ̀mí èèyàn?

Wáyà dúró dè wọ́n títí, kò rí wọn, ó sì wá wọn bọ̀ lọ́nà. Oòrùn ti rọ̀ nígbà tó rí ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Télọ̀ jókòó sẹ́yìn, ó gbé orí ìyàwó rẹ̀ lé itan, ó ń tún kọ́là aṣọ rẹ̀ ṣe. Obìnrin náà ti kú.

Wáyà bú sẹ́kún. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran: ìdérí ibi ẹsẹ̀ kò wọlé dáadáa. Ó ṣí i, ó bá ti àtijọ́ níbẹ̀. Èyí tóun rà wà nínú ọ̀rá lábẹ́ àga.

"Ohùn ẹ̀ ni kò bá mi lára mu," télọ̀ sọ.

Wáyà yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì ti tutù, ó gbà lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú ohùn tí télọ̀ mọ̀. Wáyà pa á. Ó kúnlẹ̀, ó tú ti àtijọ́, ó de èyí tó rà, nítorí kò ní fi ìyẹn gbé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ sílé. Lẹ́yìn náà ó na ògbólógbòó náà sí télọ̀, bí wọ́n ti ń ṣe é, ó sì dúró títí ó fi gbà á.